Ọdún Tí Ìyá Jọ́ọ̀jì Gbé Nílé Wa

Bí mo bá di ojú tí mo ní kí n rántí ilé wa ní Ìgàndó, ayùn bàbá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Káfíńtà ni bàbá mi, iwájú ilé ló ta àtíbàbà iṣẹ́ rẹ̀ sí, kí oòrùn tó yọ tán, ayùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í han. Lẹ́yìn ayùn ni ìgbálẹ̀ màmá mi, tó ń kó èérún pákó tẹ̀lé bàbá mi kiri tòun ti ìkùnsínú. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ikọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó máa ń hú u lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́rẹ́ tó bá ti kírun Àsùbáà tán, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé òun ti jí àti pé ọ̀lẹ ni ẹni tó bá ṣì ń sùn. Rédíò Tíṣà ló máa ń kẹ́yìn. Tíṣà ni ayálégbé wa kan ṣoṣo, ọmọ Èkìtì, onígbàgbọ́, tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Ẹ̀gan, tí rédíò rẹ̀ bá sì ti ń sọ̀rọ̀, èmi ti pẹ́ dé ilé ìwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ohùn mìíràn kún àwọn ohùn wọ̀nyí. Ohùn obìnrin òyìnbó kan ni, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo ilé wa, títí kan àwọn ìyá ẹgbẹ́ asaláátù, ń pè ní Ìyá Jọ́ọ̀jì.

Bùròdá Tàjú ló ni géèmù tí obìnrin náà ti jáde wá. Àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà ni, àbúrò bàbá mi. Ó jáde nílé lọ́jọ́ kan lẹ́yìn Iléyá, ó ní òun ń gba ojú aṣálẹ̀ lọ sí òkè òkun, pé tí òun bá ti dé Líbíà, òun á pè wá. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù nínú oòrùn Ìgàndó, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tó ń sáré, ó kí gbogbo wa, ó wá kìlọ̀ fún mi gbẹ̀yìn pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan géèmù òun. A retí kí ó pè. Fóònù bàbá mi di ohun tí a ń gbé jẹ́jẹ́ bí ẹyin. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ohùn tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ṣòfò kí Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n kò gba ìkíni yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lálaalẹ́ tí màmá mi bá ń bu oúnjẹ, ó gbọ́dọ̀ bu ti Tàjú sínú abọ́ aláwọ̀ ewé kan tó ní ìdérí. Ìdérí yẹn kò gbọdọ̀ ṣí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí Tàjú kò dé, èmi ni mo máa jẹ ẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wí pé, "Bùròdá Tàjú, mo bá yín jẹ ẹ́ o." Títí di òní, ẹ̀bà tó sùn kò le jù fún mi, mo ti fi eyín mi kọ́ṣẹ́.

Abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni géèmù náà wà, pẹ̀lú aṣọ tí Ìyá Àgbà dà bò ó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ọwọ́ mi sì ń yún mi. Láàárín ìrun Alásárì àti Mọ̀gàríbì, wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ kékeré nítorí firísà tí màmá mi fi ń ṣe omi tútù tà. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì epo sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ní bàbá mi máa ń fi epo ṣan ọwọ́ tí gúlúù bá lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan tí mo rò pé ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wọn wà, mo ká aṣọ náà kúrò, mo tan géèmù. Orúkọ Bùròdá Tàjú ló kọ́kọ́ yọ, ibi tó bá a dé ṣì ń dúró dè é. N kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀rẹ̀ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò tíì rìn jìnnà nínú rẹ̀ tí mo fi gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn mi. Mo ti ń ṣètò ẹkún tí mo máa sun, àṣé Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ wo ojú mi. Tẹlifíṣọ̀n ló ń wò.

"Ta nìyí, kí ló sì ń wá kiri nínú ahoro?"

Mo ní n kò mọ̀, pé òyìnbó ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní kí n pe Tíṣà wá. Tíṣà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó wo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì níwájú ìjọ. Ó ní àrùn kan ló ti pa ayé run, ìlú ti di igbó, àwọn tó ṣẹ́kù ń sá fún ara wọn, obìnrin yìí sì ṣèèṣì jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo nínú èrò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Jọ́ọ̀jì ni ọmọ náà ń jẹ́. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti ń wá a kiri. Ìyá Àgbà gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àpótí kan, ó jókòó. Ó ní kí n máa bá a lọ, ṣùgbọ́n kí n rọra rìn, nítorí ẹsẹ̀ ń dun obìnrin náà.

Obìnrin yìí ní orúkọ tirẹ̀ o, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí géèmù. Ṣùgbọ́n nílé wa, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti pe abiyamọ lórúkọ? Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, Ìyá Àgbà yíjú sí mi, ó bi mí bóyá èmi àti obìnrin yẹn jọ ń ṣe ẹgbẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti di Ìyá Jọ́ọ̀jì, nígbà tó sì jẹ́ pé Ìyá Àgbà ló ni kẹ́ẹ̀gì epo, òfin rẹ̀ ló múlẹ̀ nínú ayé tó ti parẹ́ yẹn. Òfin kìíní ni pé Ìyá Jọ́ọ̀jì kò gbọdọ̀ wọ ilé onílé láìkágò. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń ta géèmù yìí nílé tiwọn, ṣe ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn wọlé, tí wọ́n ń kó oúnjẹ inú agolo àti oògùn sínú báàgì. Èmi ní tèmi, mo gbọ́dọ̀ dá obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n pariwo pé, "Àgò o, onílé!" kí n sì dúró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí onílé, wọ́n ti kú tán. Bí a bá wà níbẹ̀ títí tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, Ìyá Àgbà á wúkọ́, á gba ẹnu onílé tó ti kú dáhùn pé, "Àgò yà." Ìgbà yẹn la tó ń wọlé. Tí a bá mú agolo ẹ̀wà kan níbẹ̀, a ó kí wọn pé wọ́n ṣeun kí a tó jáde.

Òfin kejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àwọn aláàrùn inú géèmù yìí, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè ní sọ́ńbì, ojú wọn pọ́n, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì ń bu ènìyàn jẹ. Ìbọn la fi ń lé wọn. Ìyá Àgbà ní kí ni mo sọ? Ó ní aláìsàn ni wọ́n, ìyá bí wọn, bàbá bí wọn, pé nígbà tí ilẹ̀ gbóná ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà èwe òun, tí ara àwọn ènìyàn sú, wọ́n kó wọn sọ́tọ̀ ni, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn, kò sí ẹni tó yìnbọn fún ẹnikẹ́ni. Mo ní wọ́n máa bu Ìyá Jọ́ọ̀jì jẹ. Ó ní kí Ìyá Jọ́ọ̀jì sá. Bí mo ṣe di ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tó ń fi eré sísá ta géèmù yẹn nìyẹn. Mo mọ bọ́tìnnì ìlóṣòó ju bọ́tìnnì ìbọn lọ. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kí Ìyá Jọ́ọ̀jì lóṣòó sẹ́yìn ọkọ̀ tó ti dípẹtà, orúnkún rẹ̀ kan á kanlẹ̀, àwọn aláìsàn á wọ́ kọjá, Ìyá Àgbà á sì máa kí wọn lábẹ́lẹ̀ pé ẹ kú ìnira, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà.

Bó ṣe wọ gbogbo ilé lẹ́wù nìyẹn. Bàbá mi á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wo ilẹ̀kùn. Kò bìkítà fún àrùn, kò bìkítà fún Jọ́ọ̀jì, ilẹ̀kùn ni tirẹ̀. Ó ní ta ló kan èyí, ó ní ìdè rẹ̀ wà lódì, ó ní abájọ tí ayé wọn fi bàjẹ́. Ọjọ́ kan ló gba páàdì tí mo fi ń darí géèmù lọ́wọ́ mi láti fi hàn wá, ó kọjú Ìyá Jọ́ọ̀jì sí férémù fèrèsé kan, obìnrin náà sì wà níbẹ̀ tí imú rẹ̀ kan pákó títí wọ́n fi pe ìrun. Ọjọ́ mìíràn, òjò bẹ̀rẹ̀ nínú géèmù, ó rọ̀ gidi, pẹ̀lú àrá. Màmá mi, tó wà ní ilé ìdáná, sáré jáde lọ ká gbogbo aṣọ tó sá. Oòrùn ń ràn yòò lórí rẹ̀, àwọn aládùúgbò ń wò ó. Nígbà tó wọlé tó rí ibi tí òjò ti ń rọ̀, kò bá wa sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Tíṣà nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ògbufọ̀ lásán lòun ń bá Màmá ṣe, àmọ́ kì í jẹ́ kí a tan géèmù kí òun tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Ìyá Àgbà ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé asaláátù. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń pé jọ, nígbà tó sì kan kí oníkálukú sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n bá òun tọrọ, ó dìde, ó ní ìyá kan wà nílé òun tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri nílẹ̀ òkèèrè, kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Kò parọ́ níbì kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n gbàdúrà kíkankíkan. Àlùfáà alára da omijé lójú. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá méjì gbé àkàrà sàráà wá fún àlejò náà. Mo rò pé wọn yóò bínú nígbà tí wọ́n rí i pé inú tẹlifíṣọ̀n ló wà. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ara wọn, èyí àgbà nínú wọn sì bi mí pé ṣé ọmọ náà kò tíì fi ara hàn ni. Mo ní rárá. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó. Àwa la jẹ àkàrà náà, lẹ́yìn tí a ti sọ fún Ìyá Jọ́ọ̀jì pé a bá a jẹ ẹ́. Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé gbogbo wọn ló mọ ọmọ ta ni wọ́n ń bèèrè. Kò sí ẹni tó dárúkọ Tàjú létí Ìyá Àgbà mọ́ lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í léèrè Jọ́ọ̀jì.

Ilé ìwé ni wọ́n ti bà á jẹ́ fún mi. Ọmọ kíláàsì mi kan tó ti ta á dé òpin sọ ọ́ fún mi nígbà ìsinmi, tó ń jẹ ìpékeré bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Ó ní a ó rí Jọ́ọ̀jì. Ó ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí ó ti sọnù náà la ó ti rí i, ṣùgbọ́n yóò ti kó àrùn náà, ojú rẹ̀ yóò ti pọ́n, ìyá rẹ̀ yóò sì yìnbọn fún un. Bó ṣe parí nìyẹn. Mo dá ìyókù ìpékeré tó fún mi padà fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, Ìyá Àgbà ti wí pé ọkàn òun ń sọ fún òun pé ọjọ́ tí Ìyá Jọ́ọ̀jì bá rí ọmọ rẹ̀, a ó gbúròó Tàjú náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò á rọ̀ lọ́la. Ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ ohun tí obìnrin náà fẹ́ lọ bá, èmi sì ni mo ń gbé e lọ.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí mo rí dá ni pé kí a má débẹ̀ láéláé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta géèmù náà bí ẹni tí kò ní ìka. Mo gbé Ìyá Jọ́ọ̀jì jábọ́ látorí afárá. Mo gbé e wọ odò. Mo gbé e lọ bá àwọn aláìsàn lójúkojú, wọ́n sì ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe. Tí ó bá ti kú, géèmù á dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ní ojú ló ń dùn mí, bàbá mi ní páàdì ló ń kú lọ, ó tú u, ó fi gúlúù pákó lẹ̀ ẹ́ padà, ọwọ́ mi sì ń lẹ̀ mọ́ ọn láti ìgbà náà. Tíṣà ní ó lè jẹ́ ìgbà ìbàlágà. Àwọn ìyá asaláátù fún mi ní omi tí wọ́n gbàdúrà sí, mo mu ún, mo sì tún jábọ́ látorí afárá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a kò kúrò lójú kan.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú Ìyá Àgbà lẹ́yìnkùlé, láìgbé ojú sókè, ó sọ ọ́.

"Ràfíátù, mo mọ̀ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣubú ni."

Mo tún ń ṣa ẹ̀wà kíákíá sí i.

"Kí ló wà níwájú tí o kò fẹ́ kí n rí? Ó ti kú ni, àbí?"

Mo sunkún, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní kí n fi apá aṣọ mi nu imú. "Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ," ó wí. "O rò pé àfẹnujẹ́ ni? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, á sunkún, á sùn. Èmi kì í sùn. Tí ilẹ̀kùn bá dún, màá ní òun ni. Tí kò bá dún, màá ní ó ń bọ̀. Gbé ìyá yẹn dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, jàre. Ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀, kó bá a."

Ní ọjọ́ tí a débẹ̀, yàrá kún. Bàbá mi kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá asaláátù méjèèjì wà níbẹ̀, màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, Tíṣà sì wọ kóòtù, n kò mọ ìdí. Mo kágò lẹ́nu ibùdó ọkọ̀ ojú irin náà. Ìyá Àgbà dáhùn. A wọlé. Jọ́ọ̀jì dúró sí ìdí àga kan, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó, ó na apá síwájú, ó ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ gbé ìbọn sókè fúnra rẹ̀, èmi kọ́ ni mo gbé e. Ọ̀rọ̀ kan wá hàn nísàlẹ̀, ohun gbogbo sì dúró jẹ́ẹ́.

"Tíṣà, kí ni wọ́n wí?"

Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ọkùnrin yìí kò lè parọ́, mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Ó ní, "Wọ́n ní kí a tẹ bọ́tìnnì, Màmá. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, á yìnbọn."

"Ràfíátù, má tẹ̀ ẹ́."

N kò tẹ̀ ẹ́. A dúró. Géèmù náà dúró. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kò ní lọ síwájú títí a ó fi tẹ̀ ẹ́, kò sì ní padà sẹ́yìn. Ìyá àti ọmọ ń wo ara wọn, àyà àwọn méjèèjì ń lọ sókè, ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyá Àgbà bi wá ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ṣé kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dì mọ́ ọmọ ni. Tíṣà wá ìwé inú páálí, ó kà á láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sí. Bàbá mi ní irú géèmù wo ni wọ́n máa ṣe tí wọn ò ní ṣe ìyẹn sí i. Mo wá ń tẹ ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ àyàfi ti ìbọn. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tàn, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kú. Mo tẹ ti ìlóṣòó, ìbọn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, orúnkún rẹ̀ kan kanlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

"Ìkúnlẹ̀ abiyamọ nìyẹn," Ìyá Àgbà wí. "Ó tó. Fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ríra."

Mo gbé páàdì sílẹ̀. Kò sí ẹni tó dìde. Tíṣà gbàdúrà ní orúkọ Jésù, àwọn ìyá asaláátù ṣe àmín sí i, wọ́n gbàdúrà tiwọn, Tíṣà náà ṣe àmín. A jókòó tì wọ́n bí ìgbà tí ènìyàn jókòó ti aláìsàn, títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀, tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó kú. Tẹlifíṣọ̀n ṣú. Ìyá Àgbà ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí màmá mi má gbàgbé abọ́ Tàjú, mo sì gbọ́ ọ láti ara ògiri pé ó hanrun, ìgbà àkọ́kọ́ láti Iléyá. Aṣọ padà sórí géèmù. Kò sí ẹni tó ní kí n má tan án mọ́, èmi ni n kò fẹ́ ká wọn mọ́. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, àwọn ọmọ mi ń ta èyí tó dára ju ìyẹn lọ, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn olókùú níwájú mi, ara mi á sì bù máṣọ. Mo sọ fún wọn kí wọ́n máa kágò. Wọ́n ní, "Màmá, kò sẹ́ni nílé." Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo ń wí.

Ọyẹ́ ti dé lọ́dún yẹn, ní àárọ̀ Sátidé kan tí n kò tíì jẹ oúnjẹ inú abọ́ Tàjú, tí bàbá mi ń rẹ́ pákó, tí Ìyá Àgbà jókòó lẹ́bàá ògiri, tí èmi ń dirun lẹ́sẹ̀ màmá mi, tí ọ̀kadà kan já ẹnì kan sílẹ̀. Ọkùnrin náà sanra. Ó kó búrẹ́dì gígùn mẹ́ta sábẹ́ abíyá, jákẹ́ẹ̀tì òtútù kan sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Bùròdá Tàjú ni. Kò rí aṣálẹ̀ rí láyé rẹ̀. Kútọnu ni wọ́n ti lù ú ní jìbìtì, ojú tì í láti pè wá, ó sì wà níbẹ̀ láti ìgbà náà tó ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, kò jìnnà sí wa ju bí ẹni lọ sọ́jà tó pẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ gbogbo èyí o. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, ṣe ló gba ẹnu géètì wọlé gbọnrangandan bí ẹni tó lọ ra ṣúgà, ojú rẹ̀ gba inú fèrèsé lọ sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì la ẹnu.

"Ta ló fọwọ́ kan géèmù mi?"

Màmá mi pariwo, kóòmù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi fi ayùn sílẹ̀ sínú pákó. Ìyá Àgbà nìkan ni kò mira. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo búrẹ́dì, ó tún wo ojú rẹ̀ bóyá ó pọ́n.

"Padà síta," ó wí. "A kì í wọ ilé onílé bẹ́ẹ̀."

Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bùròdá Tàjú padà sẹ́yìn pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀, ó jáde, ó sì fa géètì dé ara rẹ̀ síta. A ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ géètì. Ohùn rẹ̀ wá jáde, ó kéré ju ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè géèmù lọ.

"Àgò o, onílé."

Ìyá Àgbà la ẹnu. Obìnrin tó ti dá gbogbo ilé olókùú lóhùn lọ́dún yẹn, kò rí ohùn fi dáhùn nínú ilé ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì yẹn ń dúró lábẹ́ géètì. Ó fẹ́ ṣe mí bíi kí n bá a dáhùn, màmá mi di ẹnu mi mú. Ìyá Àgbà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó dìde dúró.

"Àgò yà," ó wí. "Wọlé, oúnjẹ rẹ wà nínú abọ́."